Ọmọ Mi Ní Olódo Lòun

Ìyá kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Mo gé e kúrú díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 13. Ní iléèwé tó ti kúrò, láti kékeré ló ti ń gba ipò kìíní. Lọ́dún tó kọjá, ó yege ìdánwò, ó sì wọ iléèwé kan tó jẹ́ pé àwọn ọmọ tó já fáfá nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Ipò 17 ló gbà ní sáà àkọ́kọ́. Àtìgbà yẹn ló ti ń sọ pé olódo lòun. Kì í nawọ́ mọ́ ní kíláàsì. Ó fẹ́ràn àwòrán yíyà gan-an, àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó fa ìwé tó fi ń yàwòrán ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún un pé ọpọlọ ẹ̀ ò láfiwé, pé kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo iléèwé yẹn. Ṣe ló ń bínú, ó ní kí n yéé parọ́ fún òun. Bàbá rẹ̀ ní àkẹ́jù ni, kó lọ jókòó ti ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, ò ní irú wàhálà yìí ní tiẹ̀, òun gbà pé kò sẹ́ni tó mọ̀wé tó òun láyé. Ṣé mo ṣàṣìṣe ni bí mo ṣe gbé e lọ síbẹ̀? Kí ni mo tún lè sọ fún un?”

Màmá wa, ẹ kú àmúmọ́ra. Ó ti lé ní ọdún 20 tí mo ti ń jókòó ti àwọn ọmọ àtàwọn òbí lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ìbéèrè tó gbẹ̀yìn lẹ́tà yín yẹn ló sì dùn mí jù. Ó hàn pé ẹ ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu ń ro yín. Mo fẹ́ kí ẹ dín in kù. Ìyìn ò wọ́n ọmọ yìí rárá. Iyì tí ọmọ ń ní lójú ara rẹ̀, nǹkan méjì ló ń gbé e ró: kó dá a lójú pé ẹ fẹ́ràn òun, ìbáà ṣe ipò kìíní lòun gbà tàbí ipò 40, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ohun kan wà tí òun lè ṣe lónìí tí òun ò lè ṣe lánàá. Ìyìn tí a ń dà léni lórí ò lè rọ́pò èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tí ẹyẹ bá jẹ lẹyẹ ń gbé fò.

Ẹ ò ṣàṣìṣe. Àwọn olùṣèwádìí ti mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yín tipẹ́. Láti àwọn ọdún 1980 ni Herbert Marsh, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá ní Ọsirélíà, ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ká sọ pé ọmọ méjì wà tí ohun tí wọ́n mọ̀ dọ́gba. Ẹ fi ọ̀kan sí iléèwé tí ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ yá àwọn ọmọ ibẹ̀ lórí, ẹ fi ìkejì sáàárín àwọn tó mú bí abẹ. Ti àkọ́kọ́ á máa rìn bí ọ̀mọ̀wé, ìkejì á máa wo ara rẹ̀ bí olódo. Ẹja ńlá nínú adágún kékeré ni wọ́n fi ṣàpèjúwe ti àkọ́kọ́ yẹn. Lọ́dún 2003, Marsh àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Kit-Tai Hau, gbé èsì jáde láti orílẹ̀-èdè 26, lórí àwọn ọmọ ọdún 15 tí iye wọn lé ní 100,000, bákan náà lọ̀rọ̀ sì rí ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà. Ìmọ̀ ọmọ yín ò dín kù. Àwọn tó ń fi ara rẹ̀ wé ló yí padà.

Ẹ sọ èyí fún un, àmọ́ ẹ má fi ohùn ìtùnú sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé ìdí tí òjò fi ń rọ̀. Ọmọ ọdún 13 á lóye ẹ̀, ara sì máa ń tù wọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé ohun tó ń ṣe àwọn ti ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ rí. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a wá ìwé ìṣirò tó lò lọ́dún tó kọjá. Ẹ ní kó mú ìbéèrè kan tó le fún un nígbà náà, kó tún un ṣe lójú yín. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣe é. Mo ti rí ọmọ tó ṣe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tán, tó gbójú sókè wò mí, tó ní, “Ṣé èyí náà ló ń pa mí lẹ́kún nígbà yẹn?” Bí mo bá fi oṣù mẹ́fà yin ọmọ náà, ìyìn mi ò lè ṣe ohun tí ìbéèrè kan yẹn ṣe.

Ọdún 1890 ni William James, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé iyì tí èèyàn ní lójú ara rẹ̀ dà bí ìṣirò pínpín: ẹ mú ohun tó ti rí ṣe, ẹ fi ohun tó gbà pé òun gbọ́dọ̀ jẹ́ pín in. Bí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá tóbi jù, ìdáhùn á kéré ṣáá ni, bó ti wù kí èyí tó wà lókè pọ̀ tó. Láti ìgbà tí ọmọ yín ti mọ ara rẹ̀ ni ipò kìíní ti dà bí orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú kíláàsì tí gbogbo wọn ti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ níbi tí wọ́n ti wá, ẹnì kan péré ló lè máa jẹ́ orúkọ yẹn lọ. Òfò lọmọ yín ṣe, màmá. Ó ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó rò pé òun jẹ́. Tí ẹ bá wò ó báyìí, ẹ óò rí i pé kì í ṣe àkẹ́jù.

Ìyìn yín wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń tì yín sọ ọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí àwọn olùṣèwádìí méjì, Claudia Mueller àti Carol Dweck, gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998. Wọ́n fún àwọn ọmọ tí wọ́n tó ọdún 10 sí 11 ní ìbéèrè tó gba làákàyè. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n sọ fún apá kan pé ó dájú pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n sọ fún apá mìíràn pé ó dájú pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Gbólóhùn kan péré lẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́. Wọ́n wá gbé ìbéèrè tó le gan-an fún gbogbo wọn, ó sì kọ́lẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fún wọn ní ìbéèrè tó rọrùn bíi ti àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ ṣe burú ju bí wọ́n ti ṣe níbẹ̀rẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n yìn fún iṣẹ́ ṣe dáadáa jù ú lọ. Ohun tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni èyí: nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kọ máàkì wọn ránṣẹ́ sí ọmọ mìíràn tí wọn ò mọ̀, nínú 100 àwọn tí wọ́n pè ní ọlọ́pọlọ pípé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 tó bù mọ́ máàkì rẹ̀. Ọmọ tí ẹ sọ fún pé ọpọlọ ló fi jẹ́ èèyàn, bó bá kùnà, kí ló tún kù tó fẹ́ fi jẹ́ èèyàn?

Eddie Brummelman àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands wá ṣe ìwádìí kan tó kan ọmọ yín gbọ̀ngbọ̀n, ọdún 2014 ni wọ́n gbé e jáde. Wọ́n ní kí ọmọ 240 wo àwòrán òdòdó kan tí Vincent van Gogh yà, kí wọ́n yà á. Wọ́n wá fún wọn ní ìwé pélébé, wọ́n ní ayàwòrán ló kọ ọ́. Ti àwọn kan ní àwòrán wọn rẹwà, ti àwọn kan ní ó rẹwà kọjá àfẹnusọ, wọn ò yin àwọn tó kù. Lẹ́yìn èyí, kálukú yan èyí tó fẹ́ yà tẹ̀ lé e, yálà èyí tó rọrùn tàbí èyí tó le. Àwọn ọmọ tó ti ń fojú kéré ara wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì gba ìyìn ńlá yẹn, èyí tó rọrùn ni wọ́n sá sí. Wọ́n tún rí i pé irú àwọn ọmọ yẹn gan-an làwa àgbà máa ń da ìyìn àsọdùn lé lórí jù. Bí ẹ bá ní ohun tí ọmọ ṣe ò láfiwé, ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa rí lọ títí. Mo fura pé ibẹ̀ ni ìwé àwòrán yẹn ti ya.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìyìn yín kéré, kó sì jẹ́ òótọ́ tó hàn sí òun náà. “Mo rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta lo pa ọwọ́ ẹni yìí rẹ́ kó tó rí báyìí. Kí lo yí padà?” Èyí fi hàn pé ẹ wò ó. Ẹ má sì wá sáré fi “o gbìyànjú” dípò “o ní ọpọlọ” nínú gbogbo ọ̀rọ̀, bí mo ṣe ń rí i tí ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe báyìí. Ọmọ tó ti jó rẹ̀yìn lójú ara rẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí kò rí ṣe là ń kí báyẹn. Tó bá ti gbìyànjú tí kò yọrí sí rere, ohun tó nílò ni kí ẹ bá a wá ọ̀nà mìíràn gbà á.

Ọjọ́ tó bá tún wá sọ pé “olódo ni mí” ńkọ́? “Rárá o! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” lọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ sáré wá sẹ́nu gbogbo wa. Ilẹ̀kùn la fi ń tì. Ọmọdébìnrin kan jókòó níwájú mi nígbà kan, ọmọ ọdún 14, ó tẹ orí ba, ó ní, “Mi ò mọ nǹkan kan.” Mo ní, “Nínú kí ni?” Ó ní nínú gbogbo ẹ̀. Mo dákẹ́. Ó ń fi èékánná họ etí tábìlì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí?” Ó tún pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Tíṣà ìṣirò ló pè é síwájú pátákó, ó gbàgbé ohun tó kàn, ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó sì padà jókòó. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. “Gbogbo ẹ̀” tó ní òun ò mọ̀ ti di ìbéèrè kan, lọ́jọ́ kan, àti ẹ̀rín ẹnì kan. A lè bá ìyẹn wọ̀yá ìjà. A jọ ṣe ìbéèrè yẹn, a sì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rín yẹn, torí òun gan-an ló dùn ún. Ọwọ́ yín ni irú ìbéèrè yìí yẹ kó wà, màmá: kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí? Kí ẹ sì jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ni kì í lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọmọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde.

Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ilé yín náà. Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde, kí ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ọmọ ń gbọ́ kó tó gbé báàgì sílẹ̀? Tó bá jẹ́ “ipò mélòó?” ni, ó ti mọ ohun tó ń ra ojú rere nínú ilé, bó ti wù kí ẹ sọ fún un tó pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ kí i káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó jẹun. Èsì náà ò ní fò lọ. Tí ẹ bá wá wò ó, kí ojú yín má yàtọ̀ sí ojú tí ẹ fi rí i láàárọ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún òbí, mo mọ̀, torí pé ojú ò lè parọ́ bí ẹnu. Nítorí ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bá ọkàn tiyín sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó dé. Ó ṣeé ṣe kí ipò 17 yẹn dun ẹ̀yin náà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ tiyín ni, ẹ má jẹ́ kó gbé e rù.

Bàbá rẹ̀ sọ òótọ́ díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹ tì í dànù. Ní Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1986, ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ torí ọ̀rọ̀ iyì ara ẹni yìí; èrò ìgbà náà ni pé bí wọ́n bá ti lè mú kí àwọn ọmọ gba ti ara wọn, ìwé wọn á dára, ìwà wọn á tún ṣe. Nígbà tí Roy Baumeister àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣàyẹ̀wò gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ lọ́dún 2003, wọn ò rí ẹ̀rí pé kí ọmọ kàn máa rò dáadáa nípa ara rẹ̀ ló ń mú kó yege. Bí ọmọ bá ṣe dáadáa, ìyẹn ló ń mú kó rò dáadáa nípa ara rẹ̀. Torí náà, kó jókòó ti ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí bàbá ti ṣì í ni pé ẹni tó gbà pé olódo lòun ò mọ ibi tó yẹ kóun ti ṣí ìwé ọ̀hún. Kí bàbá lọ bá tíṣà, kó béèrè ẹ̀kọ́ méjì tó ń fà á sẹ́yìn, kí wọ́n mú ọ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ máa ṣe é fún ogún ìṣẹ́jú lálẹ́. Kó sì jẹ́ òun bàbá ni, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọmọ yìí nílò láti mọ̀ pé bàbá òun ò kàn ti òun sídìí ìwé kó lè sinmi lọ́wọ́ ẹkún òun.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ẹ tètè gbọ́ ọ. Ìyìn tó ń dẹ́rù pa ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń fi bọ́ àbúrò. Brummelman àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ọmọ 565 tí wọ́n wà láàárín ọdún 7 sí 11, pẹ̀lú àwọn òbí wọn, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2015. Àwọn tí òbí wọn ń wò bí ẹni tó ga ju àwọn ọmọ yòókù lọ ni ìgbéraga ń ràn mọ́. Àwọn tí òbí wọn ń fi ìfẹ́ hàn sí, tí wọ́n ń gbá mọ́ra, ni iyì wọn lójú ara wọn ń dàgbà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà á pàdé ẹni tó mọ̀wé jù ú lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ tún fún ọmọbìnrin yín ní iṣẹ́ kan. Iṣẹ́ gidi ni mò ń wí, èyí tó jẹ́ pé bí òun ò bá ṣe é, nǹkan á dojú rú nínú ilé. Lórí erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner àti Ruth Smith tẹ̀ lé ọmọ 698 tí wọ́n bí lọ́dún 1955 títí wọ́n fi di ẹni 40 ọdún. Inú ìṣòro tó lé bá ìṣòro ni wọ́n bí àwọn kan nínú wọn sí: òṣì, ìjà nínú ilé, àìsàn òbí. Bẹ́ẹ̀, nínú ẹni mẹ́ta irú wọn, ẹnì kan di géńdé tó dúró dáadáa lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn wọ̀nyí ní àgbàlagbà kan, ó kéré tán, tí kò jọ̀wọ́ wọn, bóyá ìyá ìyá wọn, bóyá tíṣà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ojúṣe tí ẹlòmíràn gbára lé. Ọmọ yín lè jẹ́ ẹni tó ń ṣètò ìrìn àjò ìdílé, ẹni tó ń mójú tó oògùn ìyá àgbà, ẹni tó ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ní nǹkan. Tó bá ṣe é lódìlódì, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tún ṣe lójú rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ẹ jẹ́ kó wo iwájú.

Ẹ tún fi ọgbọ́n wádìí bóyá ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni. Susan Harter, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ojú tí ọmọ fi ń wo ara rẹ̀, rí i lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i pé bí ìrísí ṣe rí lójú wọn ló ń wọnú iyì wọn jù lọ, ó ju ìwé lọ, ó ju eré ìdárayá lọ. Ara ọmọ ọdún 13 ń yí padà, fóònù sì kún fún ojú tí wọ́n ti tún ṣe. Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń sọ nípa ara yín níwájú dígí. Ó ń gbọ́. Ẹ bi í bóyá ẹnì kan ń fòòró rẹ̀ níléèwé tuntun yẹn pẹ̀lú.

Nǹkan kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí ìbànújẹ́ yìí bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìdẹwọ́, bí kò bá sùn tàbí tó ń sùn ṣáá, bí oúnjẹ ò bá lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, bó bá ti yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn, bí ẹ bá rí ọgbẹ́ tí kò lè ṣàlàyé lápá rẹ̀, tàbí tó bá sọ pé ì bá sàn kóun má sí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà láìjáfara. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ti ń rò ó láti pa ara rẹ̀ lára. Bíbéèrè kì í gbin èrò yẹn sí ọmọ lórí; ìtura ló máa ń jẹ́ fún un pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ. Ohun tí ẹ kọ fún mi ò tíì dé ibẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń rí i lójoojúmọ́.

Tó bá jẹ́ ti ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń bà yín lẹ́rù, ẹ fọkàn balẹ̀. Ulrich Orth àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún jọ lọ́dún 2018: láti ọdún 4 dé 11, ojú tí ọmọ fi ń wo ara rẹ̀ ń sunwọ̀n sí i, ó ń dúró sójú kan láti 11 dé 15, lẹ́yìn náà ló tún ń gòkè. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń dúró sí lọmọ yín wà.

Ìwé àwòrán tó fà ya yẹn, ẹ má lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ má sì bi í léèrè rẹ̀. Ẹ ra òmíràn tó jọ ọ́, kí ẹ fi sórí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù kan tí ẹ ti gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó lè pẹ́ níbẹ̀ kó tó ṣí i. Lọ́jọ́ tó bá ṣí i, tí ẹ bá ń kọjá lọ, ẹ kọjá lọ.